Ìka Kan

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gba ọ̀nà eléruku yẹn
lọ síbi iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó,
ọdún mẹ́rin ni Verlin Hruska sì fi ń kí mi
láti inú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀:
ìka kan ṣoṣo, tí ọwọ́ yòókù ò kúrò lára sítíárì.
Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù.
Ó ní, "Ìka kan? Ṣé kì í ṣe pé ó ń bú ọ?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú oṣù Karùn-ún,
ojú ọ̀run Nebraska pọ́n, ó dúdú, ó wá rí bí omi ewé.
Nílé, wọ́n ní ẹni tí ààjà bá gbé
a máa mọ ewé, a máa mọ egbò, bó bá padà dé.
Ti ibí yìí ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò.
Ó tú abà pupa Verlin bí ẹni ń tú irun,
ó fọ́n ọn ká orí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí.

Ẹ̀fúùfù fẹ́ tán, a rí fùrọ̀ adìẹ:
aṣọ àwọ̀sùn ìyàwó rẹ̀, tó ti kú láti ọdún kẹta, há sórí wáyà,
lẹ́tà báńkì lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì,
gbèsè rẹ̀ hàn gàgàrà.
Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ká a, ó tì í bọ àpò,
kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, a dé.
Àwọn Mẹnonáìtì gbé ayùn àti búrẹ́dì wá,
àwọn ọmọ Guatemala tó ń kun ẹran nílé iṣẹ́ màlúù
ti ibi iṣẹ́ òru wá tààrà, ojú wọn ń wọlé,
olùkọ́ ìṣirò kan, Miss Tesarek,
wọ bàtà òjò tó tóbi jù ú lọ.
A tò sí etí oko, apá kan sí apá kejì,
a ń rìn bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù,
ojú nílẹ̀, a ń ṣa ìṣó, a ń ṣa páànù, a ń ṣa ìgò.
Màlúù tó bá gbé ìṣó mì, ó parí.

Mo wá orúkọ ohun tí à ń ṣe ní èdè wọn, n ò rí i.
Ọ̀wẹ̀ ni bàbá mi ìbá pè é.
Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ṣe ọ̀wẹ̀ fún nílé
a máa se àsáró dè wá, a sì máa mọ̀ pé ó di tòun lọ́la.
Ta ni yóò pe Verlin lọ́la,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí ìbàdí ń ro?

Ní ìrọ̀lẹ́ mo rí àwo kan nínú ẹrẹ̀,
ó dojú délẹ̀, bíi pé ẹnì kan fọ̀ ọ́, ó dà á dé kó gbẹ.
Kò sán.
Mo gbé e fún un. Ó yí i, ó tún un yí.
"Ti LaVonne ni."
Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Lóru, Ìyá àgbà kan tí mò ń bọ̀ ní ìbọ̀sẹ̀
béèrè ohun tó wà lábẹ́ èékánná mi.

Ní Mọ́ńdè, ọkọ̀ àyálò ló ń wà bọ̀.
Ìka kan.
Èmi náà na tèmi.
Eruku rẹ̀ bò mí, mo rọra lọ,
mo ń ro bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi.