Pupa Wo Nínú Pupa?

Ọjà Bísí ni mo ti rà á, ní Adó, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Adélúsì gbé mẹ́rin kalẹ̀, ó ń fi àkísà nù wọ́n
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó fẹ́ lọ síléèwé.
"Èyí ń ka fíláàṣì. Èyí ń kọ orin karaókè.
Èyí, ihò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbàlódé ni, òun ni gbogbo ayé ń béèrè."
Mo ní, Adélúsì, tẹlifíṣàn Yèyé mi, ẹ̀yìn ló yọ ikùn sí,
ihò mẹ́ta péré ló ní, kò gbọ́ èdè ìgbàlódé.
Kí la ó fi bàtà olówó ńlá ṣe
bí kò bá ti gba ẹsẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ọ̀kan yọ lábẹ́ tábìlì,
dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, eruku lórí páálí rẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Mo ná an títí ó fi di mẹ́fà ààbọ̀.
Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ wò. Ahọ́n rẹ̀ yọ jáde,
ó dúró, ó ń retí ohun tí a ó fi lé e.

Fálóyè awakọ̀ gbé e dé Ìlawẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.
Aago méje, fóònù mi dún.
"Mo ti gbé e sórí àpótí. Okùn olórí mẹ́ta rè é lọ́wọ́ mi."
Ó rọrùn, mo ní. Ẹ ki funfun bọ inú funfun,
ẹ ki pupa bọ inú pupa,
èyí tó ṣẹ́kù á mọ ilé rẹ̀.
Mo gbọ́ bí ó ti ń mí lẹ́yìn tẹlifíṣàn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá ihò.
Lẹ́yìn náà, nǹkan hó bí agbo oyin nínú ihò igi.
"Ó ń kùn. Kò sí àwòrán kankan.
Ṣé ó dá ọ lójú pé wọn ò lù ọ́ ní jìbìtì?"
Pupa wo lẹ kì bọ inú pupa, Yèyé?
"Pupa ni. Méjèèjì ló pupa.
Ìwọ náà pupa, èmi ni mo bí ọ, mo mọ pupa."

Òótọ́ ni. Èdè wa kò yà wọ́n nípá:
epo pupa, ọmọ pupa, ẹyẹ pupa.
Ẹni tó ṣe okùn yìí kò bi wá léèrè.
Mo wá ọ̀rọ̀ yí gbogbo yàrá mi ká, mo dé fèrèsé, mo padà.
Ẹ rántí igi ìyeyè ẹ̀yìn ilé ìdáná?
Èyí tó dà bí èso rẹ̀, ihò tó dà bí èso rẹ̀ ni kó wọ̀.
Èyí tó dà bí ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ.
"Kí ló dé tí o ò ti pe ìyeyè láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Ariwo oyin dá.
Atẹ́gùn fẹ́ sínú gbohùngbohùn kan, àwọn ọmọ iléèwé pàtẹ́wọ́,
bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú fóònù.
Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ni. Ó di ọdún mẹ́sàn-án.
Ọdún mẹ́rin sì ni sàréè rẹ̀.
Ó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ó ń pe ilé ní ulé,
bí alábòójútó ẹ̀kọ́ tilẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ tòun ti kóòtù.
Ó ní uṣẹ́ ti tán, ulé ló kù.

Yèyé kò wí nǹkan kan. Káàdì mi ń jó lọ.
Ṣé ẹ ń rí i? Ṣé ó mọ́lẹ̀ dáadáa?
"Kọ́là rẹ̀ wọ́," ó ní.
"Gbogbo ọjọ́ náà ni mo jókòó tì í, n kò rí i."
Mo gbọ́ tí àga sún.
Mo gbọ́ èékánná kan lára gíláàsì, díẹ̀díẹ̀.