Ìparí Fíìmù Náà

Ilé fídíò Bàbá Ọ̀ṣúnlàlú l'Ẹ̀fọ̀n,
náírà méjì, bẹ́ńṣì pákó, èéfín jẹnẹrétọ̀.
Ibẹ̀ la ti rí òyìnbó onírùngbọ̀n
tó wọ awọ màlúù nínú oòrùn, tí kò làágùn,
tó ya agbárí sẹ́yìn ẹ̀wù,
tó gun alùpùpù bí ẹni gun ìjì.
Ọlọ́pàá ń lé e. Kò bojú wẹ̀yìn.
A ò gbọ́ èdè rẹ̀.
A gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yékéyéké.

Ṣùgbọ́n ta ní ń gún iyán fún un?
Níbo ló ti ń ra epo?
Ṣé kò ní ìyá ni,
tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò pe orúkọ àbísọ rẹ̀
títí ojú yóò fi tì í láàárín ẹgbẹ́?

A ò wo fíìmù yẹn dópin rí.
Bó bá ti kọjú sí afárá tó ti dá sí méjì,
tí ọlọ́pàá kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámú,
iná á lọ, tàbí kí epo gbẹ.
A ó wá máa sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru òkè,
kálukú pẹ̀lú ìparí tirẹ̀.
Adérìbigbé ní ó fo afárá náà.
Èmi ní ó yí padà.
Fámúrewá kò wí nǹkan kan,
ó ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì títí dé ilé wọn.

Òun náà ló ta kòkó ọdún mẹ́ta, tó ra Susúkì àlòkù.
Ó wọ ẹ̀wù òjò bàbá rẹ̀ nínú ọyẹ́,
ó fi ẹfun ya agbárí sí i lẹ́yìn;
agbárí náà jọ àgbọn tí eku jẹ.
A rẹ́rìn-ín. Kò bojú wẹ̀yìn.

Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó tíṣà ń rọbí,
kò sí ọkọ̀ nílùú.
Ó gbé aboyún sáàárín, ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn,
wọ́n ṣẹ́ kọ́nà òkè sí Ìtawùre.
Ọlọ́pàá ti fi igi dí ọ̀nà, wọ́n ń gba ogún náírà.
Kò dúró.
Ó gba àlàfo tí ewúrẹ́ ì bá rò lẹ́ẹ̀mejì.
Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.
Ọmọ náà yè. Jeremáyà ni wọ́n sọ ọ́.
Oṣù méjì ni Fámúrewá fi sùn lábà,
ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, kò sí agbárí tó ń lé ẹ̀fọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi rí fíìmù náà lórí fóònù.
Mo wò ó tán.
Inú kòtò ni ọkùnrin yẹn kú sí.
Táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí. Kò sẹ́ni tó sunkún.

Nígbà Àjíǹde mo dé Ẹ̀fọ̀n.
Fámúrewá ń lẹ táyà lábẹ́ igi ọdán,
orúnkún rẹ̀ kan ò tẹ̀ mọ́.
“Ìwọ tó rìn jìnnà,” ó ní, “ṣé ó fo afárá yẹn?”
“Ó fò ó.”
“Mo mọ̀,” ó wí,
ó ri rọ́bà inú táyà sómi,
ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò.