Ojú Orí Àjà

Kí n tó dé ilé alájà méje yẹn ní Utako,
iná ń tàn fún àga lọ́jọ́ Sátidé,
ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ atẹ́gùn sára tábìlì
bí ẹni pé òógùn ń bò ó.
Jẹnẹrétọ̀ ń ké nísàlẹ̀, ó ń fa dísù mu
bí ọmọ màlúù tó já okùn, tó bá ọmú ìyá rẹ̀.

Èmi ni mo gun àkàbà.
Èmi ni mo so iná mọ́ òtútù,
wáyà kan ṣoṣo, tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin,
kí ọ̀kan lè máa sọ ohun tó rí fún èkejì.
Mo kan ojú kékeré mọ́ àjà yàrá kọ̀ọ̀kan:
ẹnìkan wọlé, iná á tàn, òtútù á tẹ̀ lé e;
yàrá dá páropáro, ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
iná á wí fún òtútù pé, "Wọ́n ti lọ,"
àwọn méjèèjì á sì sùn.
Lẹ́bàá fèrèsé, tí oòrùn oṣù Kẹta bá ń ta bí ata,
gílóòbù á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.
Ta ní ń tan àtùpà wá ojú ọ̀sán?

Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ láti máa juwọ́ sí àjà.
Olúgbémiró, ọmọ Ìyàrà, á na apá sókè láàárín ìpàdé
bí ọmọ iléèwé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.
Ọ̀gá wo ìwé owó epo, ó rẹ́rìn-ín.
N kò rí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà òjò.

Àfi Màmá Asabe, akọ̀wé ìṣirò ní àjà kẹrin.
Obìnrin yẹn kì í mira.
Ìka kan péré ní ń rìn lórí nọ́ńbà
títí ilẹ̀ ó fi ṣú.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, nínú ooru oṣù Kẹrin,
ojú tí mo kàn wo yàrá náà yíká, kò rí ẹnì kan.
Iná kú. Òtútù dákẹ́.

Shekwolo, ọlọ́dẹ, ló tan tọ́ọ̀ṣì bá a níbẹ̀.
Ó ní kí ló dé tí kò juwọ́,
ẹ̀ẹ̀kan péré, ilé á jí.
Ó fi èdè Haúsá dá a lóhùn, jẹ́ẹ́:
"Láti ìgbà tí bàbá Nafíù ti kú ni mo ti ń juwọ́.
Ó rẹ̀ mí."

Lọ́jọ́ Ajé, mo tún gbé àkàbà.
Mo yọ ojú náà, mo nù ún. Kò léruku.
Ohun tí mo kọ́ ọ ló mọ̀:
pé ẹni tó bá ń rìn ló wà.
Mo fi èyí tó ń mọ èémí rọ́pò rẹ̀,
mo tún wáyà so, mo dúró lábẹ́ rẹ̀ láìmira,
mo ń mí.

Nígbà tí oṣù parí, ọ̀gá fi bírò pupa yí àjà kẹrin po:
kí ló dé tí ibí yìí ń jẹná ju ìyókù lọ?
Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
Ẹnìkan wà níbẹ̀.