Ojú Ìwé Tí Kò Lójú

Ní Kemi, lóṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ, ó kàn ń yọjú ni:
á wò wá fìrí bí onígbèsè tó rí olówó lẹ́nu ọ̀nà,
á sì sá wọlé.
Tyyne á tan iná orí tábìlì,
á gbọn ìgò tàdáwà létí
bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyin ti bàjẹ́.

Èmi Tuukka, àwọ̀ ni tèmi.
Òun ló ń fi dúdú ya ẹ̀rù, èmi ni mo ń kùn ún.
Àwọ̀ mẹ́ta péré la fún ìwé yìí:
búlúù bí ètè ẹni tí òtútù pa,
àwọ̀ eérú,
àti pupa díẹ̀ tí mò ń ṣọ́ bí iyọ̀ ìlú tí iyọ̀ ti wọ́n.

Ìwé kẹrin nìyí.
Abàmì inú wọn, ihò yìnyín ló ti ń jáde,
níbi táwọn apẹja ti ń ju ìwọ̀ sísàlẹ̀ òkun.
Ó ga ju òpó iná. Omi ń kán lára rẹ̀, kì í gbẹ.
Ojúlé dé ojúlé ló ń rìn,
ó ń fi ìka gígùn kan ilẹ̀kùn,
ẹni tó bá ṣí i, a ò ní rí i mọ́ lójú ìwé tó kàn.
Ojú omi, ojú ọjọ́, ojú ọ̀nà, ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá:
gbogbo nǹkan ló lójú nílùú yìí,
àfi òun.

Òǹtẹ̀wé pè láti Helsinki: àwọn òǹkàwé fẹ́ rí ojú rẹ̀.
Tyyne ní òun gbọ́.
Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà, ó gbé e dúró lókè bébà,
ó kán tó! síbi tó yẹ kí imú wà,
ó sì fi àtàǹpàkò nù ún títí ó fi di kùrukùru.
Bó ṣe ń ṣe láti ìwé kìíní nìyẹn.

N kò bi í rí.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kun kóòtù abàmì yẹn láwọ̀ eérú,
kóòtù tí bọ́tìnì kejì rẹ̀ ti já,
kó tó di ọjọ́ tí mo bá a gbé kọ́bọ́ọ̀dù nílé ìyá rẹ̀.
Fọ́tò kan wà lára ògiri:
ọkùnrin kan níwájú iléeṣẹ́ bébà,
kóòtù iṣẹ́, bọ́tìnì kejì ti já.
Ẹni tó ya fọ́tò ti gé orí rẹ̀ dànù.
Oṣù Kẹrin ló lọ pẹja. Yìnyín oṣù Kẹrin, ẹ má fọkàn tán an.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tyyne nígbà náà.
Ó ní gbogbo nǹkan lòun rántí.
Ó tún un sọ: gbogbo nǹkan, àfi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Aune tó ń tọ́jú ilé ìkàwé gbé ìwé kejì wá,
inú ń bí i:
ọmọ kan yá a, ó fi bíírò pupa bà á jẹ́.
Mo ṣí i. Ojú ìwé ogójì,
abàmì dúró nínú òjò dídì,
ẹnì kan sì ti ya ìbọ̀wọ́ sí i lọ́wọ́,
ìbọ̀wọ́ pupa wúruwùru, àtàǹpàkò rẹ̀ tóbi ju ìka yòókù lọ.
Ojú ìwé kọkànlélógójì, ìbọ̀wọ́.
Níbi tó ti ń kan ilẹ̀kùn ìyá arúgbó, ìbọ̀wọ́,
ọmọ náà sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́:
Òtútù ló ń mú un. Ẹ jẹ́ kó wọlé.

Aune ní owó ìtanràn ńkọ́.
Tyyne wo ojú ìwé náà títí kọfí fi tutù,
ó ń fi ìka tọ ìlà bíírò yẹn
bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran.
Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá pupa mi ṣì kù.

Mo ní ó kù díẹ̀.

A ò tíì ya ojú. Òǹtẹ̀wé ṣì ń pè.
Ṣùgbọ́n lójú ìwé tó gbẹ̀yìn,
ilẹ̀kùn ṣí, iná ilé tàn sórí kóòtù náà,
abàmì bọ́ ìbọ̀wọ́ kan,
ó ń wá ibi tí yóò sá a sí.
Mo kun ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Omi ṣì ń kán. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.