Méje Lọ́nà Mẹ́jọ

Àtẹ́lẹwọ́ Ìbídùn ti wú nígbà tó dé láti ilé-ìwé.
Ó fi í pamọ́ sínú àpò yunifọ́ọ̀mù,
ó ní ebi ò pa òun.
Mo mọ̀. Ọmọ tí ebi kì í pa lọ́sàn-án, ní Ọ̀kà wa l'Óǹdó yìí,
ẹgba ló jẹ yó.

Èwo ni wọ́n bi ọ́?
"Méje lọ́nà mẹ́jọ ni, Màmá."
Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí ẹni ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè:
méje lọ́nà kan, méje,
méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá,
ó dé méje lọ́nà méje, ó dúró gbagidi
bí ewúrẹ́ tó rí omi lójú ọ̀nà.

Èmi náà ò kọjá ibẹ̀ nígbà tèmi.
Píráímárì kẹrin ni mo ti bọ́ sílẹ̀,
mo rò pé orí mi ni kò pé.
Orin ni wọ́n kọ́ mi;
ohun tí orin ń kà, wọn ò fi hàn mí.

Mo fà á lọ́wọ́, èyí tí kò wú,
lọ sẹ́yìnkùlé, sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ
níbi tí ọmọ kòkó mi wà nínú ọ̀rá.
Ọgọ́ta ni mo gbìn nígbà ọyẹ́,
ìlà mẹ́fà, mẹ́wàá mẹ́wàá.
Ìrẹ̀ wá lóru, ó gé mẹ́rin lọ́rùn.
Mo ti ṣépè fún ìrẹ̀ náà tó.

"Tún wọn tò fún mi, mẹ́jọ mẹ́jọ."
Ó ń fi ọwọ́ kan gbé e, erùpẹ̀ dúdú ń dà sí i lẹ́sẹ̀.
Nígbà tó gbé ọ̀rá ìkẹyìn kalẹ̀,
ìlà keje pé. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù, kò sí àyè tó ṣófo.

Ó fẹ́ fi ìka kà á. Mo di ìka náà mú.
"Mélòó ni mo gbìn?" "Ọgọ́ta."
"Kí ni ọgọ́ta?" "Ogún mẹ́ta."
"Mélòó ni ìrẹ̀ jẹ?" "Mẹ́rin."
Ó wá ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó ọsàn:
"Ẹẹ́rìn... dín... lọ́gọ́ta."
Ó wò mí. "Màmá! Ìrẹ̀ yẹn wà nínú orúkọ rẹ̀!"

"Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, kí o wò ó láti ibẹ̀."
Ó yí lọ. Ó dákẹ́.
Ìlà méje ti di ìlà mẹ́jọ, méje méje,
a ò sì gbé ọ̀rá kankan.
"Ṣé mi ò ní kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn?"
Ẹ̀rín tó rín, adìyẹ sá.

Èmi ò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì.
Ó ní Tíṣà Akínfọlárìn na pàṣán sí òun: mẹ́jọ lọ́nà méje!
Òun dijú, òun gbọ́ tí ìrẹ̀ ń ké,
òun dáhùn. Tíṣà ní kí òun sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì.
Ó ní ìyẹn pẹ́ díẹ̀,
ṣùgbọ́n Tíṣà dúró de òun.

Àná ni Bàbá Ọrẹ́dọlá wá ra ìlà márùn-ún.
Kí n tó la ẹnu, ẹnìkan ti ké láti ìdí ìkòkò omi:
"Ogójì!"
Mo gba owó, mo fi ọ̀rá kan ṣe ènì.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù nílẹ̀, kò gba mẹ́jọ mẹ́jọ mọ́.
Ìbídùn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ń gbé wọn kiri, mẹ́ta mẹ́ta.