Àga Kejì

Ilé ìwé méje ni mo lọ kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
torí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ni bàbá mi
ní àwọn yunifásítì tí ẹnikẹ́ni kì í rántí orúkọ wọn:
Òháyò, Kánsáàsì, Áídáhò, a tún padà sí Òháyò.
Bí wọ́n bá lé ọ̀gá, igbákejì náà á palẹ̀ ẹrù mọ́.
Igi tó wó, ta ni í kọ lẹ́tà sí ìtẹ́ ẹyẹ orí ẹ̀?

Marlene ìyá mi kò tú gbogbo páálí mọ́.
Ó kọ "ABỌ́" sí ọ̀kan, ó kọ "ÒTÚTÙ" sí èkejì,
ó tẹ́ aṣọ lé wọn, ó fi wọ́n ṣe tábìlì.

Lóru, iná fídíò á máa mì lójú bàbá mi,
á máa gé eré àwọn alátakò sí wẹ́wẹ́:
ẹni tó máa ń yà sí òsì,
ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí àkókò bá ti fẹ́ tán.
Ó wakọ̀ wákàtí mẹ́sàn-án nínú yìnyín
lọ wo ọmọkùnrin gíga kan, Tavaris Oakley.
Ìyá-ìyá ọmọ náà ló bá bó ọ̀dùnkún,
wọn ò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rárá.
Tavaris wá. Ìwé ìròyìn ní ọ̀gá ló ṣàwárí rẹ̀.
Mo ní, ṣé ìyẹn kò dunni ni?
Ó ní, orúnkún ló ń dun òun.

Lóṣù Kejì, òkúta inú kíndìnrín dá Kóòṣì Brandvold dùbúlẹ̀.
Wọ́n ní kí bàbá mi darí ẹgbẹ́, alẹ́ ọjọ́ kan péré.
Ó ra táì tuntun.
Mo wà ní ìlà kẹta, mo rí i:
àga àkọ́kọ́ ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Orí èkejì ni bàbá mi jókòó sí,
bó bá sì fẹ́ pariwo, á kọ́kọ́ wo àga òfìfo yẹn
bí ẹni ń tọrọ àyè.

Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, àmì kan ni wọ́n fi ṣíwájú wa.
Ó ya ilà sí pátákó kékeré ọwọ́ rẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò pa á rẹ́, ó ya òmíràn.
Tavaris ju bọ́ọ̀lù. Ó yí létí irin agbọ̀n, ó yí,
ó já bọ́ síta.

A rìn tó ogójì máìlì kó tó lanu.
Ó ní, eré yẹn dáa o.
Mo ní, èwo?
Ó ní, èyí tí mo pa rẹ́.