Òjò Tó Ń Gòkè

Wọ́n dé nínú ọ̀rá láti Ṣáínà,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta iná wẹ́wẹ́ ó lé méjìlá.
Mo dà wọ́n sínú àwo ìrẹsì.
Moyọ̀sọ́rẹ ní, "Dádì, ṣé a máa sè wọ́n ni?"

Ìbídùn wo àwo, ó wo ojú mi,
ó mú kọ́kọ́rọ́ mítà lórí ìṣó,
ó ní, "Pọ́n-ùn márùn-ún ló kù títí di Jímọ̀."
Mo ní àwọn wọ̀nyí kì í jẹun, wọ́n kàn ń tọ́ ọ wò ni.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sínú òjò,
ó lọ síṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó.

Mo lu ihò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sára pákó,
mẹ́jọ lóròó, mẹ́jọ níbùú.
Iná kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ méjì:
èyí tó gùn ni agbára ń gbà wọlé,
èyí tó kúrú ló ń gbà jáde.
Ẹni tó bá ṣì wọ́n mú, òkùnkùn lèrè rẹ̀.
Mo fi bátìrì tó rí bíi bọ́tìnnì yẹ̀ wọ́n wò
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.
Mo tẹ ẹsẹ̀ wọn, mo fi òjé yíyọ́ so wọ́n pọ̀.
Èéfín gòkè, ẹ̀rọ aṣọ́-èéfín figbe ta lókè àjà;
mo fi fìlà ìwẹ̀ Ìbídùn dé e lórí, ó dákẹ́.
Ìka mi jó lẹ́ẹ̀mejì.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà:
oṣù Ọ̀wàrà wọlé, ó jáde,
àjà kan gorí àjà kan títí ó fi pé mẹ́jọ,
ilé alájà mẹ́jọ tí kò lógiri,
tí atẹ́gùn ń gbà kọjá láì kanlẹ̀kùn.

Àṣírí rẹ̀ nìyí:
wọn kì í tàn pọ̀.
Àjà kan á tàn, á kú, èkejì á gbà á,
ó yára ju ìpéǹpéjú lọ,
ìwọ á sì búra pé gbogbo ilé ló mọ́lẹ̀.
Iná ń tàn, iná ń tan ojú jẹ.
Mo ronú kan èmi àti Ìbídùn:
bó bá ti ń wọlé ni mo ń jáde,
síbẹ̀ àwọn aládùúgbò ní ilé wa kì í ṣófo.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo tan án, ẹyọ kan kọ̀.
Àárín gbùngbùn ni, níbi tí ọwọ́ kò dé.
Mísítà Ogley ti ìsàlẹ̀ òpópó mú ẹ̀mú gígùn wá,
ó yọjú sí i bí ẹni ń wo kànga.
Ọdún mọ́kànlá ló fi wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ yìí.
A gbìyànjú títí tíì fi tutù.
Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Bó o bá ṣẹ́ mẹ́wàá nítorí ọ̀kan ńkọ́?"
Ó wá jókòó, ó ń wo ibi tó ṣókùnkùn náà
ju ibi tó mọ́lẹ̀ lọ.

Mo kọ òfin òjò sínú kọ̀ǹpútà:
kí iná máa kán láti òkè, kó balẹ̀, kó parẹ́.
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.
Láti ilẹ̀ ló ti ń sun, ó ń padà sọ́dọ̀ àwọsánmà,
torí ìsàlẹ̀ ni mo ti ka àjà, òkè ni òfin ti kà á.
Mo nawọ́ kí n tún un ṣe.
Moyọ̀sọ́rẹ di ọwọ́ mi mú:
"Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èyí tó ti rọ̀ ní Barnsley tó."

Aago méje kù díẹ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́.
Ìbídùn wọlé, ó jókòó tòun ti kóòtù,
omi ń kán létí aṣọ rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.
Ó wò ó. Ó tún wò ó.
Ó ní, "Mélòó ló kù lórí mítà?"
Kò dúró gbọ́ èsì.
Ó bọ́ bàtà, ó dìde,
ó pa gílóòbù òkè àjà.